Dídìde Lórí Àga: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Àwọn Sójà Àtijọ́ Tó Ní Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀

Bí àgbàlagbà kan bá ń ṣàìsàn nínú ilé wa, kí ni a máa ń ṣe fún un? A ó tẹ́ ẹní fún un. A ó ní: "Bàbá, ẹ má dìde. Ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ, ọmọ á gbé e wá." Bí ó bá fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ènìyàn méjì á dì í mú. Ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ibà bá mú ènìyàn, ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn kan wà tó jẹ́ pé oṣù àti ọdún ni ènìyàn fi ń bá wọn gbé. Bí ẹni tó ní irú wọn bá dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kì í ṣe àìsàn nìkan ni yóò máa bá jà mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá kò ní lè gbé e.

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ wà lára àwọn àìsàn bẹ́ẹ̀. Lónìí, a fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ran àwọn sójà àtijọ́ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn tí àìsàn yìí mú, tí ilé wọn sì jìnnà sí ilé ìwòsàn. Olùkọ́ eré ìdárayá kì í wá sí ilé wọn. Olùmọ̀ràn oúnjẹ kì í wá. Orí fóònù ni wọ́n ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwa náà tí ọ̀nà wa jìn sí ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ta ni àwọn sójà wọ̀nyí?

Àwọn kan wà nínú àwọn àgbà wa tí wọ́n bá Faransé lọ jagun ní Ẹ̀ńdóṣíìnì. Ogun yẹn parí ní 1954. Lẹ́yìn rẹ̀, Amẹ́ríkà wá jagun ní ilẹ̀ kan náà, ní Fiẹtinámù. Igbó ibẹ̀ dí. Inú igbó ni àwọn tí wọ́n ń bá jà ń fara pamọ́ sí. Láti 1962 di 1971, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ń fọ́n oògùn tí ń pa igi àti koríko sórí igbó àti oko, kí ewé lè wọ́ dànù. Ohun tí wọ́n fọ́n lé ní lítà mílíọ̀nù 70.

Èyí tí wọ́n lò jù nínú àwọn oògùn náà ni wọ́n ń pè ní Agent Orange, nítorí ìlà aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kùn sára àgbá rẹ̀. Oògùn méjì ni wọ́n pò pọ̀ nínú rẹ̀. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní díọ́síìnì wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn náà ni májèlé ti ń wọ inú rẹ̀. Díọ́síìnì kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, kì í sì í tètè kúrò nínú ọ̀rá ara ènìyàn.

Àwọn ará Fiẹtinámù ni wọ́n jìyà rẹ̀ jù, nítorí orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n da á sí, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn sójà Amẹ́ríkà náà gbé àgbá rẹ̀, wọ́n rìn nínú igbó náà, wọ́n mu omi ibẹ̀. Wọ́n padà sílé, wọ́n bímọ, wọ́n ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún 20 tàbí 30, àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí yọjú. Wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́. Ní 1991, wọ́n ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1994, ìjọba gbà pé bí sójà tó dé Fiẹtinámù nígbà ogun yẹn bá ní jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn eegun, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní mìẹlómà, wọn kò ní bi í léèrè ẹ̀rí mọ́. Ìjọba á tọ́jú rẹ̀, á sì san owó fún un. Òfin mìíràn ní 2022 fi àmì ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn náà kún un, ìyẹn nígbà tí ó ti hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ṣùgbọ́n tí ara kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ má gbọ́ ọ yí o. Kò sí dókítà tó lè nawọ́ sí aláìsàn kan pé, "Oògùn koríko ló fa tìẹ." Àwọn tí kò dé ojú ogun rí náà ń ní mìẹlómà. Ohun tí ìjọba gbà ni pé àìsàn náà bá oògùn yẹn tan.

Ọ̀kan nínú àwọn sójà tí gbogbo ayé mọ̀ tó ní mìẹlómà ni Colin Powell. Ìlú Jàmáíkà ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá. Ó lọ sí ogun Fiẹtinámù lẹ́ẹ̀méjì. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di olórí gbogbo ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ó sì tún di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ó kú ní oṣù kẹwàá 2021, ní ẹni ọdún 84. Àrùn kòrónà ló pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mìẹlómà máa ń sọ ara di aláìlágbára láti bá àrùn mìíràn jà.

Kí ni mìẹlómà?

Ẹ wo eegun tí a ń fọ́ jẹ nínú ọbẹ̀. Ohun rírọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni mùdùnmúdùn. Ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bí ìgbà tí a bá gbin irúgbìn tòmátò sí ojú kan kí á tó kó o lọ sóko. Oríṣi ọmọ mẹ́ta ló ń ti ibẹ̀ jáde. Àwọn pupa ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú lọ sí gbogbo ara. Àwọn funfun ni ọmọ ogun, àwọn ló ń bá kòkòrò àrùn jà. Àwọn kéékèèké kẹta ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá bí a bá fara gbọgbẹ́.

Nínú àwọn funfun, ìran kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti rọ ohun ìjà tí a fi ń pa àrùn. Nínú mìẹlómà, ọ̀kan nínú ìran yìí yapa. Ó ń bí ọmọ tó dà bíi tirẹ̀, àwọn ọmọ náà ń bímọ, wọn kì í sì í kú bí ó ti yẹ. Bí èkan ṣe ń gba oko ni wọ́n ṣe ń gba inú mùdùnmúdùn. Àwọn ọmọ rere kò wá ráyè mọ́.

Nígbà náà, àwọn pupa á dín kù. Á máa rẹ ènìyàn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá rìn díẹ̀. Ohun ìjà gidi á dín kù, òtútù àyà á máa mú un léraléra. Àwọn ọmọ búburú náà á tún mú kí eegun máa jẹrà. Ẹ̀yìn á máa dùn ún, ìhà á máa dùn ún, eegun á lè kán nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Ohun tó ń yọ́ lára eegun á wọ inú ẹ̀jẹ̀: òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, kò ní lè yàgbẹ́ dáadáa, ọkàn rẹ̀ á máa dàrú. Ìdọ̀tí tí àwọn ọmọ búburú ń tú jáde á sì máa dí kíndìnrín.

Àìsàn yìí kì í ràn. Ẹni tó bá bá aláìsàn náà jẹ nínú abọ́ kan kò ní kó o. Kì í sì í ṣe àfiṣe. Oògùn tó wà kì í sábà pa á run pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń tì í sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i lára wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti oúnjẹ fi ṣe pàtàkì. Ẹni tí yóò lo ọdún 7 tàbí 10 sí i, báwo ni yóò ṣe lò ó? Ṣé lórí ẹní ni?

Kí ló dé tí wọn kò fi ní kí ó kàn sinmi?

Àárẹ̀ àìsàn yìí kò dà bí àárẹ̀ ẹni tó ti oko dé. Ẹni tó ti oko dé á sùn, ilẹ̀ á mọ́, ara á yá. Aláìsàn yìí lè sùn wákàtí 10, kí ó sì jí pẹ̀lú àárẹ̀. Bí ó bá wá ní, "N ó tún sùn sí i," ẹran ara á máa jò. Àgbàlagbà tó bá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré ti pàdánù okun ẹsẹ̀ tó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó padà. Bí ẹran ara ṣe ń jò, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kékeré á túbọ̀ máa rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà á tún dùbúlẹ̀.

Àwọn oògùn náà sì ń dá kún un. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní dexamethasone. Ó ń bá àìsàn náà jà dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹran itan. Ẹni tó ń lò ó lè rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àmọ́ bí ó bá jókòó, dídìde á di ìṣòro. Àwọn oògùn mìíràn ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ kú, tí ènìyàn kò fi mọ ibi tó tẹsẹ̀ sí. Ẹni tí itan rẹ̀ kò lágbára, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú, tí eegun rẹ̀ sì rọrùn láti kán: bí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, wàhálà dé.

Àwọn onímọ̀ ìlera ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tó ní oríṣiríṣi jẹjẹrẹ. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu: eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀ ń dín àárẹ̀ kù ju oorun lọ. Ní 2019, àwọn àgbà onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ ìmọ̀ràn kan jáde: kí aláìsàn rìn tàbí ṣe ohun tó jọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ ṣe èyí tí ń fún ẹran ara lókun. Wọn kò sọ pé ó ń wo jẹjẹrẹ sàn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, irọ́ ló pa.

Báwo ni fóònù ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà?

Ilé ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ fún àwọn sójà àtijọ́ lé ní 170. Síbẹ̀, nínú àwọn sójà náà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ń gbé ní ìgbèríko. Ẹlòmíràn á wa ọkọ̀ fún wákàtí 3 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Fún abẹ́rẹ́ àti oògùn, ó gbọ́dọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wa ọkọ̀ wákàtí 3 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nítorí kí ó lè dìde lórí àga, kí ó tún jókòó?

Ní 1986, ilé ìwòsàn àwọn sójà ní ìlú Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan sílẹ̀ fún àwọn sójà tó ti dàgbà. Gerofit ni wọ́n pè é. Ó tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Kì í ṣe ti aláìsàn jẹjẹrẹ nìkan. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ṣúgà wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún àwọn tó jìnnà, lórí fídíò. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn eré ìdárayá, orí fídíò ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pàdé. Fún ẹni tó ní mìẹlómà, èyí tún dára lọ́nà mìíràn, nítorí pé kò ní jókòó láàárín èrò tó ń wúkọ́.

Àwọn tí kò ní ẹ̀rọ ńkọ́? Láti 2016, ìjọba ti ń yá àwọn sójà kan ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ onídígí, tí wọ́n ti san owó íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn àgbàlagbà kan kò fẹ́ ẹ. Ojú wọn kò ríran dáadáa, tàbí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Fóònù lásán ni wọ́n fi ń bá irú wọn sọ̀rọ̀. Lójú tiwa, èyí ló kàn wá jù, nítorí ohun tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà kò nílò ju ohùn, àga kan, àti ìwé tí a fi ń kọ iye sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo bàbá kan. Ẹni ọdún 76 ni. Ó ń gbé ní oko, òun àti ìyàwó rẹ̀. Dókítà rẹ̀ ti wo fọ́tò gbogbo eegun rẹ̀, ó sì ti sọ fún olùkọ́ eré ìdárayá ohun tí bàbá lè ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ náà jẹ́ obìnrin, ọ̀dọ́ ni. Fóònù dún ní aago 9. Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ wọn ní èdè tiwa, bí yóò ṣe rí nìyí:

– Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?
– A dúpẹ́, ọmọ mi. Mo sùn díẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí.
– Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé ìrora tuntun ni, àbí èyí tí ẹ ti mọ̀?
– Èyí tí mo ti mọ̀ ni.
– Ara yín kò gbóná? Ẹ kò ṣubú láti ọjọ́sí?
– Rárá o.
– Ó dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri kí ó má bàa yọ̀. Ṣé màmá wà nítòsí?
– Ó wà níbí, ó ń wò mí bí olè.
– Kí wọ́n máa wò yín bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà. Bí mo bá ní "ó yá," ẹ dìde tán, ẹ tún jókòó. Ẹ máa kà á sókè. Ó yá.
– Ení. Èjì. Ẹ̀ta...

Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni yóò kà. Ó dé 8. Olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, 6 ni. Ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 75 sí 79 tí kò bá lè ṣe tó 11, ewu ìṣubú ń bẹ fún un. Bàbá kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé 8 ju 6 lọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, iye tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ yìí ló wù mí jù. Aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà, tí oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà, ó ní ohun kan tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, á di ẹ̀yìn àga mú, á gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Á fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri bí ẹni fẹ́ tì í sẹ́yìn. Á fa okùn rọ́bà. Á wá rìn yí ilé ká. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó tó? Bí ó bá lè sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó rìn dáadáa. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, kí ó dẹwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá gba oògùn tó lágbára, á ṣe díẹ̀. Kò ní fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ohun tí wọn kò jẹ́ kí ó ṣe

Ibí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ kà á dáadáa, nítorí eré ìdárayá tó dára fún aládùúgbò lè kán eegun ẹni tó ní mìẹlómà. Bàbá kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ba kí ó gbé ohun wúwo nílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ru ẹrù. Kò gbọ́dọ̀ fò sókè, kò sì gbọ́dọ̀ lọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí fà á ní agbára pé òun ń na iṣan fún un.

Bí ìrora tuntun bá dé lójijì, eré dópin lọ́jọ́ náà, a ó pe dókítà. Bí ara bá gbóná tó 38, a kò ní dúró di ọ̀la. Bí ẹsẹ̀ bá rọ lójijì, tàbí tí kò lè tọ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń jáde láìmọ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀: eegun ẹ̀yìn lè ti tẹ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Olùkọ́ ti sọ èyí fún ìyàwó bàbá, ó sì ti ní kí ó kọ ọ́ sára ògiri.

Oúnjẹ ńkọ́?

Olùmọ̀ràn oúnjẹ náà ń pè, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í yí padà: "Kílò mélòó lẹ wọ̀n?" Bàbá ń gun òṣùwọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó tó jẹun. Bí kílò bá ń bọ́ sílẹ̀, ẹran ara ló ń jò, wọn kì í sì í dúró kí ó tó rù hangogo kí wọ́n tó wá nǹkan ṣe.

Eré ìdárayá láìsí oúnjẹ amáradàgbà dà bí ẹni tó ní bíríkìlà nílé tí kò ní bíríkì. Ẹyin, ẹja, adìyẹ, ẹ̀wà, ẹ̀pà, wàrà: àwọn wọ̀nyí ni bíríkì náà. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ nílò rẹ̀ ju ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ. Bí kíndìnrín rẹ̀ bá dára, wọ́n lè fẹ́ kí ó jẹ tó gíráàmù 1.2 lójúmọ́ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá bá wọn kílò 70, gíráàmù 84 nìyẹn. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹ rí i pé ẹyin kan láàárọ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá ti bàjẹ́, iye náà lè yí padà. Ìdí nìyí tí olùmọ̀ràn fi ń wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

Oúnjẹ kì í wu aláìsàn jẹ. Ẹnu rẹ̀ ń dùn bí irin. Wọn kì í fi àwo ńlá sí iwájú rẹ̀, kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Wọ́n ń po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọ̀gì, wọ́n ń fọ́ ẹyin sínú ọbẹ̀, kí ẹnu díẹ̀ tó jẹ lè ní agbára. Dexamethasone lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, nítorí náà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ́ ni wọn yóò fi fún un lókun.

Omi ṣe pàtàkì púpọ̀. Ó ń bá kíndìnrín fọ ìdọ̀tí dànù. Lítà 2 sí 3 lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń sọ fún wọn, àfi bí dókítà bá ní ọkàn tàbí kíndìnrín kò gbà á. Nítorí kíndìnrín kan náà, wọn kì í jẹ́ kí ó ra oògùn ìrora bíi ibuprofen fúnra rẹ̀.

Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ jinná. Kò sí ẹyin tútù, kò sí wàrà tí a kò sè, kò sí ẹran tó ṣì ní ẹ̀jẹ̀. A fọ ọwọ́, a fọ èso. Ohun mìíràn tún wà: àgbo. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń mu àgbo tiwọn, wọ́n ń rà á nínú ìgò ní ilé ìtajà. Kódà tíì aláwọ̀ ewé tí gbogbo ènìyàn ń yìn ń ba iṣẹ́ oògùn mìẹlómà kan jẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní bortezomib. Olùmọ̀ràn kì í bínú bí bàbá bá sọ ohun tó ń mu. Èyí tí ó bá fi pamọ́ ni ewu wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dára. Àwọn sójà kan kì í gbé fóònù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn kan ń purọ́ iye tí wọ́n kà. Ẹni tó ń dá gbé, tí kò sí ẹni tí yóò dúró tì í nígbà tó ń dìde, wọn kì í jẹ́ kí ó ṣe èyí tó le. Fóònù kò sì lè fọwọ́ kan eegun láti mọ ibi tó ń dùn.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Mìẹlómà ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tó ìlọ́po méjì àwọn aláwọ̀ funfun. Ní 2007, àwọn olùwádìí tẹ ohun tí wọ́n rí ní Gánà jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin ẹni ọdún 50 sí 74 wò. Àmì ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí wà lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àmì náà kò ní ṣàìsàn rẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n Gánà kò jìnnà sí wa.

Àwa náà sì ń fọ́n oògùn koríko. Kì í ṣe Agent Orange. Wọn kò ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ́n oògùn lóko òwú láìwọ bàtà, láìbo imú, tí ó sì ń fi ike rẹ̀ bu omi mu, ń fi ara rẹ̀ wewu. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà, ẹ má fọ́n in lòdì sí afẹ́fẹ́, ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ, ẹ gún ike rẹ̀ níhòó kí ẹnikẹ́ni má bàa lò ó.

Bí ẹ̀yìn tàbí ìhà bá ń dun ẹni tó ti lé ní 50 ọdún fún oṣù kan, tí ó ń pọ̀ sí i, tí ó ń jí i lóru, tí ara rẹ̀ sì ń rù tàbí tí ojú rẹ̀ ń funfun, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa fi òróró wọ́ ọ nìkan. Iṣẹ́ oko kọ́ ló ń fa gbogbo ẹ̀yìn ríro. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n ya fọ́tò eegun ibi tó ń dùn ún. Bí ó bá yẹ, wọn á júwe ọ̀nà fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kútọnu, níbi tí ẹ̀ka àrùn ẹ̀jẹ̀ wà. Láti Sabe dé ibẹ̀ ju kìlómítà 200 lọ. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà pé: "Kí ni ó lè ṣe nílé? Kí ni kò gbọ́dọ̀ ṣe? Nọ́ńbà wo ni kí a pè?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà délé.